Àṣegbé Tí Wọ́n Ń Tà Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ìwé ètò ìsìnkú kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé náà nípọn, ó ń dán, fọ́tò màmá olóògbé gba gbogbo iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ ṣẹ̀tífíkéètì aláwọ̀ ewé kan sí, tó ní àwọn ọmọ olóògbé tó wọ bàálù wá láti London ti sanwó igi tí yóò fa gbogbo èéfín bàálù náà mu, nítorí náà ìrìn àjò wọn kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́ rárá. Mo gbójú sókè. Jẹnẹrétọ̀ méjì ń bú ramúramù lẹ́yìn àgọ́. Àwọn alásè to igi ìdáná gègèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n ń ro àmàlà. Dáwódù olóògbé, ẹni tó ronú kan ṣẹ̀tífíkéètì yìí, ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti san gbèsè ayé tán.

Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ẹ mọ̀ ọ́n: ohun tí èèyàn bá ṣe, bó pẹ́ bó yá, ẹ̀san rẹ̀ ń bọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan láàárín wọn ṣì ń yọ́ lọ bá adáhunṣe lóru pé kó bá àwọn wá oògùn àṣegbé. Ó kéré tán, oògùn tiwọn ní wàhálà nínú: wọ́n á wá ewé, wọ́n á wá egbò, wọ́n á ru oorun. Tiwa rọrùn. Èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó rí ibì kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ní kó tẹ̀ tó bá fẹ́ tọ́jú ayé, ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ pọ́n-ùn mẹ́jọ nínú báńkì rẹ̀. Ó ti di àṣegbé. Bẹ́ẹ̀, àlọ àti àbọ̀ London sí Èkó, èéfín tó kan ẹnì kan tó bíi tọ́ọ̀nù kan, àwọn tó ń ka gbogbo ìbàjẹ́ tí bàálù ń ṣe lókè lọ́hùn-ún sì ń bù ú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá pín èéfín epo àti gáàsì tí gbogbo Nàìjíríà ń jó lọ́dún kárí, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kò pé tọ́ọ̀nù kan.

Kí ni wọ́n wá ń fi pọ́n-ùn mẹ́jọ ọ̀hún ṣe? Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ igi Àjàgbọn, tí ìtàn ní abẹ́ rẹ̀ ni Ògúnlọlá tẹ̀dó sí. Ká ní mo kọ̀wé sí Dáwódù yìí pé: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ gé igi Àjàgbọn o. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gé e mọ́. Ẹ fowó ránṣẹ́." Yóò bú mi ni. Yóò ní, "Ta ló láyà bẹ́ẹ̀? Ta ló fẹ́ gé e tẹ́lẹ̀?" Òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n kí ilé iṣẹ́ kan lókè òkun sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún un nípa igbó tí kò dé rí, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, á sanwó, á tún dúpẹ́.

Mi ò sọ àsọdùn. Ní January 2023, ìwé ìròyìn Guardian ti London àti Die Zeit ti Jámánì gbé ìwádìí jáde lórí igbó kìjikìji tí Verra, àjọ Amẹ́ríkà tó ń lu òǹtẹ̀ sí irú ṣẹ̀tífíkéètì bẹ́ẹ̀ jù lọ, fọwọ́ sí. Wọ́n ní ó lé ní 90 nínú 100 ṣẹ̀tífíkéètì ọ̀hún tó jọ pé kò dín èéfín kankan kù. Verra jiyàn, ó ní ìṣirò wọn kò tọ̀nà. Kí ọdún náà tó parí, South Pole, ilé iṣẹ́ Switzerland tó ń ta ṣẹ̀tífíkéètì igbó Kariba ní Zimbabwe nígbà náà, yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní àwọn ò bá ti igi lọ, ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀ làwọn ń pín fún àwọn obìnrin. Èyí sàn. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Berkeley tẹ ìwádìí kan jáde ní 2024: àwọn ètò ààrò tí wọ́n yẹ̀ wò ń sọ pé àwọn dín èéfín kù ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án iye tó jẹ́ gan-an. Alásè ibi òkú yẹn ì bá ti sọ ìdí fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkòkò rẹ̀, ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Bó bá ki omorogùn bọ̀ ọ́, gbogbo ara ló fi ń rò ó. Gbé ààrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un, yóò kúnlẹ̀ dúpẹ́, yóò gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò sì padà sídìí òkúta mẹ́ta. Ẹni tó ń ṣírò lókè òkun á ṣì máa ka ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́ èyí tó ń gba ayé là.

Ohun tó ń bí mi nínú wà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí àpò èédú lẹ́bàá títì. Ẹni tó sun ún kò wọ bàálù rí. Ọ̀yọ́ náà ni olú ilé iṣẹ́ ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé wà, igbó tí ìjọba sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, tó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ lọ́wọ́ agégi àti apẹran. Ṣé irú igbó báyìí ni owó Dáwódù ń ṣọ́? Mo ka ṣẹ̀tífíkéètì rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò dárúkọ igbó kan, kò dárúkọ ìlú kan, kò sọ ẹni tó ń ka igi. Olówó ń tú èéfín sókè, ẹ ní kí tálákà pa iná rẹ̀ kí ìṣirò lè bára mu. Ìrẹ́jẹ pọ́nbélé ni!

Síbẹ̀, mi ò lè bú Dáwódù tán. Ojú tì í díẹ̀, òun ló fi sanwó. Àwọn tójú ò tì ńkọ́? Ní òpin 2023, èèyàn 1,411 ló forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà fún COP28 ní Dubai, ìpàdé tí wọ́n pè nítorí èéfín. Ìjọba àpapọ̀ ní 422 péré lòun sanwó fún. Péré!

Ẹni tó ṣeé fọkàn tán nínú òwò yìí ni ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dín wíwọ bàálù kù. Atmosfair ti Berlin ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í gbowó igbó rárá, wọ́n sì ti fi owó ṣe ààrò ní òkè ọya wa níbí. Ní Iceland, Climeworks ń fi ẹ̀rọ fa kábọ́ọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń rì í mọ́ inú àpáta. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí tọ́ọ̀nù kan. Ẹ fi ìyẹn wé pọ́n-ùn mẹ́jọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ máa bọ̀ wá sin ìyá yín, ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ má wá. Ṣùgbọ́n ìwúyè ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín, ẹ wò ó lórí fóònù. Bí ẹ bá sì fẹ́ san owó èéfín, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: igbó wo ni, ta ló ń kà á, ta ló gba owó, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ẹ ò san án? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.