Bọ̀dá Mo-Ti-Ń-Gbọ́-Ọ-Tipẹ́

Kò sí ìlú kan nínú méjèèje Ìbàràpá tí kò ní tirẹ̀. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Pólì l'Érúwà, ó lè jẹ́ akọ̀wé kékeré ní ìjọba ìbílẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá gáréèjì n'Igbó-Ọrà, tó ń bá àwọn èèyàn da orin sórí mẹ́mórì káàdì. Okùn orin kì í kúrò létí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì bi í pé kí ló ń gbọ́, ẹ ti kó sí i nìyẹn. Yóò yọ okùn náà kúrò létí kan, yóò wò yín bí dókítà ṣe ń wo aláìsàn tó pẹ́ kó tó dé ọsibítù, yóò sì ní, "Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n." Kò tíì dárúkọ olórin, kò tíì dárúkọ àwo, kò tíì sọ bóyá orin ìfẹ́ ni tàbí orin arò. Ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ yé yín nípa orin náà ni pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bọ̀dá ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Ẹ jẹ́ kí á fún un ní àlàjẹ́, kí á máa pè é ní Bọ̀dá Mo-Ti-Ń-Gbọ́-Ọ-Tipẹ́.

Ẹni tó sábà máa ń kọrin sí Bọ̀dá létí ni Brymo, Ọláwálé Ashimi, ọmọ Okokomaiko l'Ékòó. Àwo tó sì fi ń yangàn jù ni Merchants, Dealers & Slaves, tó jáde lóṣù kẹwàá 2013, lọ́dún tí Brymo àti ilé-iṣẹ́ Chocolate City túká, tí ọ̀rọ̀ wọn dé kóòtù. Kí á má purọ́, àwo tó dára ni. Ọkùnrin náà kò pariwo nínú rẹ̀, kò kánjú, ẹni tó bá sì jókòó tì í yóò rí nǹkan mú lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwo tí DJ ń lù níbi ìkómọ. Tabula Rasa tẹ̀lé e ní 2014, Klĭtôrĭs dé ní 2016, Oṣó dé ní 2018, ibi kan náà sì ni gbogbo wọn forí lé: àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin yìn wọ́n, àwọn tó ń jó kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè wọn. Bọ̀dá ka gbogbo ọdún wọ̀nyí sórí. Ohun tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán òun létí ni orin kan tó ń jẹ́ "Oleku", tí Ice Prince gbé jáde ní 2010. Brymo ló gbe ègbè orin náà, láti Èkó títí dé Tápà sì ni tọmọdé tàgbà ti ń gbè é tẹ̀lé e. Níbẹ̀ ni Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Brymo, àfi bí kò bá sí ní Nàìjíríà lọ́dún náà. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, yóò ní ìyẹn kì í ṣe Brymo gan-an. Ọ̀fun kan náà, ọkùnrin kan náà, ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni iye èèyàn tó gbọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ pé Bọ̀dá kò fẹ́ràn orin nìyẹn. Àìmọ̀ tiwa ló fẹ́ràn, orin wulẹ̀ jẹ́ ohun tó fi ń wọ̀n ọ́n ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan, inú rẹ̀ a máa dùn bí ẹlòmíì bá fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá wo Bọ̀dá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan bá ti Lánlátẹ̀ wá da orin sí káàdì, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ràn Brymo. Ó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ayọ̀. Ìdánwò ni Bọ̀dá máa gbé kalẹ̀: "Àbúrò, èwo lo kọ́kọ́ gbọ́?" Bí ó bá fèsì pé "Ara" ni, ó ti féèlì, nítorí pé "Ara" gbajúmọ̀ kọjá ààlà. Bí ó bá dárúkọ orin kan nínú Merchants, Bọ̀dá yóò bi í ní èyí tó tẹ̀lé e. Bí ó bá mọ ìyẹn náà, ojú Bọ̀dá á wá korò, nítorí pé ẹni méjì ti wà lórí ìtẹ́ tí wọ́n kàn fún ẹnì kan. Láti ọjọ́ náà lọ ni yóò ti máa sọ pé Brymo kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́, tí yóò sì di ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Beautiful Nubia, Ṣẹ́gun Akínlolú, dókítà ẹran tó di olórin. Nígbà tó bá débẹ̀, tó rí i pé àìmọye èèyàn ló mọ Jangbalajugbu ti 2002, yóò ní èyí tó ṣáájú rẹ̀ lòun ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ ìyẹn náà, mi ò mọ ibi tí yóò sá gbà, àfi bóyá orin tí ẹni tó kọ ọ́ pàápàá ti gbàgbé.

Igbó-Ọrà ni ẹ ti máa rí i dáadáa. Ìlú tí wọ́n ń bí ìbejì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọdún ìbejì, tí ohun gbogbo ti ń wá ní méjì-méjì, òun nìkan ló fẹ́ dá wà. Ẹ gbé e lọ síbi ìkómọ. DJ ti gbé fújì Pasuma sí i, àwọn ìyá ti di gèlè lé, owó ti ń já bọ́ lórí ìyá ọmọ, Bọ̀dá á sì dìde lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà pẹ̀lú mẹ́mórì káàdì lọ́wọ́. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wa jó ná." Kò ní kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sú DJ, yóò bá a lu orin kan nínú Merchants fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ijó á dúró. Àwọn kan á rò pé iná ló fẹ́ lọ. Ìyá Ìbejì kan, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, á bojú wo ẹ̀yìn, á béèrè pé, "Ta ló kú?" DJ á yára dá Pasuma padà. Ẹ wá wo ojú Bọ̀dá nígbà náà. Ẹ óò rò pé inú rẹ̀ á bàjẹ́, pé ìtìjú á mú un. Rárá o. Ẹ̀rín ló ń rín. Ohun tó wá wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: gbogbo ìpàdé ti jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí orin náà yé àfi òun. Ká ní wọ́n jó sí i ni, ká ní Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n tún un lù, kò ní rí oorun sùn.

Ẹnìkan lè sọ pé mo ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Yóò ní orin rere tí ọjà kọ̀, bí kò bá sí àwọn olóríkunkun díẹ̀ tó dì í mú, ṣebí yóò parẹ́ ni? Yóò sì mú Hárúnà Ìṣọ̀lá wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ni. Ní 1948 ni Hárúnà ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ HMV, ó fi ki Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò tà. Ọkùnrin tó wá di ọba àpàlà lẹ́yìnwá ọ̀la, rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ jókòó síbi tí wọ́n gbé e sí ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa pé ta ló gbé e dìde. Òde ni. Àwọn olówó tó ń ṣayẹyẹ gbọ́ ọ, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì pè é wá sílé wọn, wọ́n náwó fún un lójú gbogbo àlejò. Láti òde dé òde ni orúkọ rẹ̀ fi ga. Nígbà tí Orímolúsì wàjà, tí rẹ́kọ́ọ̀dù náà tún padà jáde ní 1955, àwọn tó máa rà á ti wà nílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó fi rẹ́kọ́ọ̀dù Hárúnà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń sọ fún ará àdúgbò pé wọn ò lè mọ̀ ọ́n, ló gbé àpàlà débi tó dé. Alága ayẹyẹ tó pe Hárúnà fẹ́ kí gbogbo àlejò òun mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Bọ̀dá fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n á ní ayé ti yí padà, pé kò sí irú olówó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ṣì wà, kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ olówó ńlá. Fatai Rolling Dollar ta agídìgbo àti gìtá nígbà èwe rẹ̀, ó kọ́ Ebenezer Obey níṣẹ́ orin, ó sì dàgbà di ẹni tí ayé gbàgbé. Kúnlé Tẹ́júoṣó, tó ni Jazzhole, ṣọ́ọ̀bù ìwé àti orin tó wà n'Íkòyí, wà lára àwọn tó wá Fatai àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, tó kó wọn jọ, tó sì jẹ́ kí wọ́n tún gorí ìtàgé. Rẹ̀mí Vaughan-Richards ya ìtàn náà sínú fíìmù tó pè ní Faaji Agba. Nígbà tí Fatai fi máa kú ní 2013, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà èwe rẹ̀ ti ń jó sí orin rẹ̀. Tẹ́júoṣó náà lè pe ara rẹ̀ ní Mo-Ti-Ń-Gbọ́-Ọ-Tipẹ́, kò sì ní parọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló ṣí. Ti Bọ̀dá wá yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Luaka Bop ti New York kó orin William Onyeabor jọ ní 2013, orin tí ọkùnrin náà ti gbé jáde fúnra rẹ̀ l'Énúgu láàárín 1977 sí 1985, kíá ni Bọ̀dá sọ pé òun ti ń gbọ́ ọ tipẹ́. Lóòótọ́ ni. Láti 2014 ni.

Àwíjàre kan kù tó lágbára ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́, n ó bá a sọ. Ìbàràpá kì í ṣe ibi tí ojú ìjọba ń tètè dé. Ẹni tó gba HND l'Érúwà, tó ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí tí ìka fi ń ro ó, tó wá jókòó sídìí fóònù tó bàjẹ́, mọ bí ó ṣe ń rí kéèyàn ní nǹkan nínú kí ẹnikẹ́ni má bojú wò ó. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pàdé àwo tó dára tí ayé gbójú fò, ó ti rí ìbátan. Mo gbà. Mo tilẹ̀ rò pé òótọ́ tó wà nídìí ìfẹ́ Bọ̀dá nìyẹn, òun ni kò sì jẹ́ kí n lè kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé àbájáde tó fà yọ kò tọ́. Kò sí ará Ìbàràpá kan tó ń yangàn pé ọ̀nà ìlú òun kún fún kòtò, kí àlejò má baà mọ ibẹ̀. Àwọn oníròyìn òkèèrè ti wá sí Igbó-Ọrà láìmọye ìgbà, wọ́n ya àwọn ìbejì ní fọ́tò, wọ́n bi àwọn ìyá wọn nípa ọbẹ̀ ìlasa, wọ́n lọ. Títí di òní, a ò gbọ́ ìyá kankan tó sọ pé ìbejì òun ti bàjẹ́ nítorí pé gbogbo ayé ti mọ̀ wọ́n. Ẹni tí àìrí-bojúwò ti dùn, tó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bojú wo ohun tí òun fẹ́ràn, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ló ń gbé fún ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Ẹ bi Bọ̀dá ní iye tó ti san lórí Merchants láti 2013. Ọ̀fẹ́ ló gbà á, láti fóònù dé fóònù, ọ̀fẹ́ náà ló gba Oṣó, owó kan ṣoṣo tó sì tíì jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tó da orin sí káàdì. Olórin tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, ohun tó ń tà ló fi ń san owó ilé ìgborinsílẹ̀. Irú rẹ̀ kò lè jẹ ìyìn Bọ̀dá lóúnjẹ.

Nítorí náà, Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi owó ara yín ra àwo kan. Bí Beautiful Nubia bá ń ṣeré n'Ìbàdàn, ẹ kó àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù dání, Èrúwà sí Ìbàdàn kì í ṣe Mẹ́kà. Bí ọmọbìnrin Lánlátẹ̀ yẹn bá tún dé, ẹ fi ibi tí wọ́n ti ń ra orin náà hàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ láìbi í ní ìbéèrè kankan.