Ọwọ́ Mi Tí Kì í Dilẹ̀

Ní ọdún tó kọjá, bí ẹ bá gba iwájú ilé wa kọjá ní Ọ̀jọ́tà láàárọ̀ Sátidé, ẹ óò rí ọkùnrin kan tó di àlùmọ́gàjí ńlá mú, tó ń yí igi òdòdó po bí onígbàjámọ̀ tí orí oníbàárà rẹ̀ kò dúró sójú kan. Èmi ni. Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ìyàwó mi ti bú mi tán.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò le. Ọ̀nà Ìkòròdú kò jìnnà sí wa. Ariwo agbèrò la fi ń jí, èéfín dánfó la sì fi ń sùn. Mo ní kí n wá nǹkan tí ojú lè sinmi lé. Mo lọ bá bàbá kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo ra ixora mẹ́fà àti bougainvillea kan tó ti tanná. Bàbá ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n èmi ṣì ń nájà lọ́wọ́. N kò gbọ́ ju “ẹ rọra” lọ.

Ixora ni mo kọ́kọ́ dójú lé. Gbogbo Sátidé ni mo ń rẹ́ ẹ, títí orí rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì. Àwọn ará àdúgbò ń kan sáárá: “Bàbá Bọ́lá, ó gún régé o!” Orí mi wú. Oṣù mẹ́fà kọjá, òdòdó kan ṣoṣo kò yọjú. Ní ojúlé kejì, ixora tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí, tó rí wúruwùru bí irun wèrè, ń pọ́n fòò. Ọ̀jọ́tà la kúkú wà. Níbí ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn péjọ sí, ní ọgbà Gani Fawehinmi, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, tí wọ́n ní àwọn kò gba àfikún owó epo. Mo rò pé ixora mi náà ti gbọ́ ìtàn yẹn, ó ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo fura sí àwọn ọmọ ilé ẹ̀yìn. Mo ní wọ́n ń já òdòdó mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Òwúrọ̀ mẹ́ta ni mo fi lúgọ lẹ́yìn fèrèsé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, tí mò ń ṣọ́ olè. Ẹni kan ṣoṣo tí mo mú ni ìyàwó mi tó ń lọ da omi nù. Ó figbe ta, gbogbo ilé jí.

Ìgbà tó yá, ewé ixora ń pọ́n bí ìyeyè. Mo rántí pé ìyá mi máa ń da eérú sídìí ewébẹ̀. Mo gba eérú àpò kan lọ́wọ́ ìyá alágbàdo sísun, mo dà á sídìí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ewé tó kù náà pọ́n.

Ti bougainvillea ló burú jù. Lọ́sẹ̀ tí mo gbé e délé, mo rí àwọn nǹkan funfun bíńtín láàárín òdòdó rẹ̀. Mo ní kòkòrò ni. Mo fi ọwọ̀ kan ṣoṣo yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìgbẹ́ adìyẹ lóṣooṣù. Ó ṣe ewé, ó gun ògiri, ó fẹ́ wọ ilé onílé, ṣùgbọ́n kò tanná mọ́. Inú bí mi. Mo fi ọwọ́ lásán gbá ẹ̀ka rẹ̀ mú pé n óò gé e dànù. Ẹ̀gún rẹ̀ wọ àtàńpàkò mi. Ní ọjọ́ kẹta, ọwọ́ ọ̀tún mi ti wú bí àkàrà inú epo gbígbóná. Nọ́ọ̀sì gún mi lábẹ́rẹ́, ó di ọwọ́ náà, ó ní kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan.

Mo gbé ọwọ́ tí wọ́n so kọ́rùn lọ bá olódòdó. “Bàbá, akọ lẹ tà fún mi! Bí akọ ìbẹ́pẹ ni wọ́n rí!”

Ó ní kí n jókòó. “Ọ̀gá mi, ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ ṣe fún un.”

Mo kà á. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ó ní ṣóńṣó ẹ̀ka ni òdòdó ixora ti ń yọ. Èmi tí mò ń gé ṣóńṣó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òdòdó ọ̀la ni mò ń gé. Ìgbà tí òdòdó bá rọ tán ni à ń rẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ká fi í lọ́rùn sílẹ̀. Olè tí mo ń ṣọ́ lójú fèrèsé, èmi ni. Ó ní ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni ixora fẹ́. Ìdí ògiri tí àwọn bíríkìlà ti po sìmẹ́ńtì kò bá a lára mu, eérú mi ló wá parí rẹ̀. Bougainvillea ní tirẹ̀, oòrùn àti ilẹ̀ gbígbẹ ló ń mú un tanná. Omi àti ìgbẹ́ adìyẹ lápọ̀jù, ewé ni wọ́n ń bí.

“Kòkòrò funfun ńkọ́?”

“Ọ̀gá, àwọn yẹn gan-an ni òdòdó. Ewé ni èyí tó láwọ̀.”

Mo dákẹ́. Commerson, ọmọ Faransé tó mọ̀ nípa ewéko, ló rí igi náà ní Rio de Janeiro ní 1767, tó fi orúkọ ọ̀gá ìrìn àjò wọn, Bougainville, sọ ọ́. Igi náà la òkun já láìfarapa, ó wá bá ọwọ̀ mi pàdé ní Ọ̀jọ́tà.

Bọ́lá ló ha eérú kúrò, tó fi ewé jíjẹrà rọ́pò rẹ̀. Èmi jókòó, mò ń wò. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ixora tanná, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Bọ́lá, ẹ rí i? Ọwọ́ yín ló sinmi.” Wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ tó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́; ní ilé wa, èyí tí kì í dilẹ̀ ló ń bẹ̀.

Ọwọ́ náà ti san báyìí. Ìyàwó mi ti fi àlùmọ́gàjí pamọ́ sẹ́yìn àpò gàrí. Mo mọ ibẹ̀. Ẹ̀ka kan sì wà lápá òsì tó gùn ju àwọn yòókù lọ díẹ̀.