Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wo?

Bọ́ọ̀sì wa dúró ní Orè, lójú ọ̀nà Èkó sí Benin. Ebi ń pa mí. Mo sọ fún ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan pé, "Ìyá, ẹ fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀." Wọ́n kó àgbagbà dúdú lé mi lọ́wọ́, ó le bí igi ìdáná.

"Mà, èyí tí wọ́n ń bó jẹ ni mo wí."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ lèyí? Ọ̀mìnì lo fẹ́, o ò pè é lórúkọ!"

Díẹ̀ ló kù kí ìjà ogun abẹ́lé tó wáyé ní Orè lọ́dún 1967 tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kúkú jàre: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni méjèèjì, Musa làwọn onímọ̀ ewéko náà pè wọ́n. Àwọn onímọ̀ yìí tún ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi rárá. (Ẹni tó bá jiyàn, kó gùn ún wò.)

Dẹ́rẹ́bà ti ń fun fèrè. Mo sanwó àgbagbà, mo febi dé Benin.