Ọ̀gá Onísíìtì

Ọ̀gá Onísíìtì ni ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ní alùpùpù ńlá kan nílé, tó sì gbà tọkàntọkàn pé síìtì alùpùpù náà ni kò jẹ́ kí òun tíì rin ìrìn àjò tó lórúkọ. Èkó ló pọ̀ sí jù, ní Ìkẹjà, ní Lẹ́kí àti Fẹ́sítáàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta náà ní tiwọn. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì, ó lè jẹ́ agbẹjọ́rò, ó sì lè jẹ́ ará iléeṣẹ́ epo rọ̀bì. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, orí àga rírọ̀ tó ń yí po ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ìdí tí ọ̀fíìsì ti kẹ́ bàjẹ́ yìí náà ló ń gbé gun alùpùpù ní Sátidé.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kà á mọ́ ọlọ́kadà. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹ̀wù aláwọ, ìbọ̀wọ́ àti akoto olówó gọbọi tó máa ń dé ti kéde fún ayé pé irú òun kọ́ ni wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló ya àwọn méjèèjì. Ọlọ́kadà ń jókòó lórí síìtì kó lè dé ibì kan. Ní ti Ọ̀gá Onísíìtì, síìtì gan-an ni ibi tó ń lọ.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni àìsàn síìtì yìí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníbíkì máa ń jáde láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀, wọ́n á sì tò tẹ̀léra wọn kọjá Ìbafò àti Mówé. Kí wọ́n tó dé Ṣàgámù, ìdí ọ̀gá ti kú. Kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà lára òun mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sójú kan fún wákàtí kan láìmira, irú rẹ̀ lè ṣe é, àní nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ọ̀gá kì í gba èyí. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ilé epo, ó yí alùpùpù náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àtàǹpàkò tẹ síìtì rẹ̀, ó sì mi orí bí dókítà tó rí nǹkan nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kò ṣòro láti ṣàlàyé. Egungun méjì tó wà nísàlẹ̀ ìbàdí ló ń gbé ara ẹni tó bá jókòó. Bí fóòmù bá rọ̀ jù, yóò gba ìdí wọlé tayọ̀tayọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò máa rì díẹ̀díẹ̀ títí egungun méjèèjì yóò fi kan pákó tàbí ọ̀rá líle tí wọ́n tẹ́ fóòmù lé. Ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá dáadáa níbi tí egungun ti tẹ ẹran mọ́lẹ̀, ìnira á sì dé. Síìtì tó dára fún ọ̀nà jíjìn máa ń le díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó máa ń fẹ̀ lẹ́yìn níbi tí egungun jókòó sí, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ kó má baà ti ènìyàn síwájú lọ bá tánkì, ó sì máa ń fún níwájú kí itan lè rọ́nà sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, fífi àtàǹpàkò tẹ síìtì wò kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà. Àtàǹpàkò kò ní egungun ìdí.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ bí egungun náà ṣe jìnnà síra wọn kò náni ní kọ́bọ̀: kí ènìyàn tẹ́ páálí sórí bẹ́ǹṣì, kó jókòó lé e dáadáa, kó dìde, kó sì wo ojú ibi méjì tó tẹ̀ wọnú. Ọ̀gá Onísíìtì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ páálí yìí rí. Ẹni tó kó mílíọ̀nù náírà sílẹ̀ ra alùpùpù kò kàn lè máa jókòó sórí páálí ìndómì.

Mushin ló kọ́kọ́ ń lọ, lọ́dọ̀ ẹni tó ń rán síìtì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí níbẹ̀ kì í yàtọ̀.

“Alága, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.”

“Ó rọ̀ o.”

“Mo tún lè fi kún un fún yín, sà.”

“Fi kún un.”

Ọ̀gbẹ́ni tó ń rán síìtì mọ̀ dájú pé fóòmù yẹn kò ní gbé Alága dé Ìbàdàn. Ó ti ń fi abẹ gé fóòmù, ó ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Àmọ́ kò sí oníbàárà tó ń fún ni ní owó ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ nítorí pé wọ́n ṣe ohun tó le fún un. Ó rán lẹ́dà dúdú lé e, nítorí ọ̀gá ní dúdú ló bá táyà mu, ó sì fi òwú pupa gba àárín rẹ̀ kọjá kó lè dán lójú. Lẹ́dà dúdú tó bá jẹ oòrùn ọ̀sán ní ìta báńkì máa ń gbóná débi pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó lé e á kọ́kọ́ pe Jésù. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ sì gbà kọjá láàárín yẹn ni omi òjò ń bá wọlé. Fóòmù a mu ún yó, a sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ sínú ṣòkòtò ọ̀gá fún ọjọ́ méjì gbáko lẹ́yìn tí òjò ti dá.

Fóòmù tí wọ́n fi kún un tún gbé ọ̀ràn mìíràn dé. Bí síìtì bá ga sí i, orúnkún a ráyè nà, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ a jìnnà sí ẹsẹ̀, ọwọ́ alùpùpù a sì rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀yìn àti èjìká á wá gba ìyà tí ìdí fẹ́ sá fún. Ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjọ́ta, ọ̀gá ń fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, kò rí i, òun àti alùpùpù sì rọra dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọmọ tó ń ta gàlá ló gbé e dìde. “Ẹ pẹ̀lẹ́, Daddy. Ẹ fara balẹ̀.” Nígbà tó dé ilé, ó ní epo ló dà sójú títì.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kó lọ tún ṣọ́kì ẹ̀yìn ṣe, kó gbé ọwọ́ alùpùpù sókè díẹ̀, kó sún ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé lé síwájú. Mẹkáníìkì rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rí ṣọ́kì nínú fọ́tò.

Láti ìgbà náà ni ojú rẹ̀ ti kọ sí òkè òkun. Ní alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, YouTube ló máa ń wò. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ nípa Iron Butt Association ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ àfi tó bá gun alùpùpù fún 1,000 máìlì láàárín wákàtí 24. Ìyẹn ju kìlómítà 1,600 lọ, ó sì ju Èkó sí Kánò lọ. Àwọn tó ṣe é máa ń sọ̀rọ̀ nípa omi mímu, oorun, ìsinmi ìdákúrekú, aṣọ abẹ́ tí kò ní ojú rírán líle. Ọ̀gá máa ń sáré fo ibẹ̀ yẹn kọjá títí yóò fi dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ síìtì.

Síìtì tó ránṣẹ́ rà ní California, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ Corbin, dé pẹ̀lú owó kọ́sítọ́ọ̀mù tí kò rò tẹ́lẹ̀. Síìtì gidi ni, ó le, ó sì fẹ̀ níbi tó yẹ kó fẹ̀. Irú rẹ̀ ń fẹ́ kí ènìyàn gùn ún fún ọ̀pọ̀ máìlì kó tó mọ̀ ọ́n lára. Bí ọ̀gá ṣe ń gùn ún sí, láti ilé dé ibi ìpàdé ẹgbẹ́ àti padà, síìtì náà yóò mọ̀ ọ́n lára nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ bá gboyè ní yunifásítì. Ó ní ó le jù. Ó tà á ní ìdajì owó fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń gun alùpùpù lọ sí Lòmé, ọ̀gbẹ́ni yẹn kò sì tíì ráhùn rí.

Lẹ́yìn èyí ló kan tìmùtìmù afẹ́fẹ́ AirHawk. Ara tìmùtìmù ROHO ló ti jáde, èyí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara kí egbò má baà dá sí wọn nídìí. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń fẹ́, débi tí ìdí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ ẹ títí ó fi le gbandi, nítorí ó ti sanwó fún afẹ́fẹ́ náà. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yà, alùpùpù á yà, òun á ṣì máa mì lókè.

Awọ àgùntàn ni orí tó ta yọ nínú ìtàn yìí. Àwọn òyìnbó tó ń rìn jìnnà fẹ́ràn awọ àgùntàn onírun lórí síìtì, ó sì ní ìdí: irun òwú yẹn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọ́nà gbà lábẹ́ ìdí, kì í sì í gbóná bíi lẹ́dà. Ọ̀gá rò ó pé kí ni òun ń náwó sókè òkun fún, nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí alápatà bó awọ àgbò fún òun. Àgbò ilẹ̀ wa kì í ní irun òwú. Irun pẹlẹbẹ bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára rẹ̀, nítorí ooru ilẹ̀ yìí kò bèèrè òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi iyọ̀ pa awọ náà, wọ́n sá a sórí ògiri, wọ́n sì so ó mọ́ síìtì kó tó gbẹ tán. Ní ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ pa á, ajá mẹ́ta ló tẹ̀ lé ọ̀gá wọ àdúgbò. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ó kàn ní kí Daddy máa gbé alùpùpù sí ìta géètì.

Ìyàwó yìí ti jókòó sẹ́yìn alùpùpù náà rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìkòròdú. Ọ̀gá ti gé síìtì ẹ̀yìn kúrú kó lè ráyè fún ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, ibi tó kù fún ìyá àwọn ọmọ kò sì ju àwo ìjẹun lọ. Ní Mílì Méjìlá ló fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ léjìká: “Daddy, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n wọ báàsì.” Gèlè rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ nígbà yẹn.

Gbogbo ènìyàn ló ní ìmọ̀ràn fún ọkùnrin tí ìdí ń dùn. Ìyá alágbo tó ń kọjá wo bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì bèèrè ohunkóhun. “Jẹ̀dí ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bu ọ̀pá-ẹ̀yìn mọ́ ọn.” Ó mu ún. Ìdí ṣì ń dùn ún, ilé ìyàgbẹ́ ni ìrìn àjò tó jìn jù tó rìn lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọlọ́kadà Ṣakí tàbí Ìgbòho, tó ń gun Bajaj Boxer láti àárọ̀ dé alẹ́, ní síìtì gígùn kan tí iléeṣẹ́ ṣe, náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi wé e sì lè ṣì wà lára rẹ̀. Bí èrò bá di méjì tí àpò gààrí sì kún un, etí tánkì ló máa ń kù fún òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro òun náà, kí ẹnikẹ́ni má purọ́. Ṣùgbọ́n bó bá rí kòtò, ó máa ń gbé ìdí kúrò nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ gba ìjà náà. Èrò tó bá sì sọ̀ ń fún un láyè láti sọ̀, kó na ara, kó mu omi. Irú ìmọ̀ yìí kò sí nínú páálí tí wọ́n fi ń gbé ọjà wá láti òkè òkun. Ọ̀gá ti rí wọn lójú ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń fọn fèrè kí wọ́n yà fún òun.

Ó ku ohun kan tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ìdí ti ń dun ọ̀gá ju òsì lọ, orí síìtì yòówù kó jẹ́. Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ọ̀tún ni pọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbé. Káàdì báńkì mẹ́rin wà níbẹ̀, káàdì ẹgbẹ́, láísẹ́ǹsì, àti rìsíìtì gbogbo síìtì tó ti rà. Ẹni tó bá jókòó lé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ìbàdí rẹ̀ á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, iṣan tó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀ á sì rí i jẹ. Síìtì tuntun kọ̀ọ̀kan ń fi rìsíìtì kan kún un.

Ní ọjọ́ tí síìtì karùn-ún dé, owó kò sí nílẹ̀ mọ́. Ọ̀gá fi fóònù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ láti yá èyí tó kù, kò sí ìdí láti mú pọ́ọ̀sì dání, ó sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó gun alùpùpù dé Abẹ́òkúta, kò mọ ìnira kankan lọ́tùn-ún. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló ti kọ ọ́ sínú WhatsApp ẹgbẹ́ pé òun ti rí síìtì, ó fi fọ́tò àti iye owó sí i, ó ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun má wulẹ̀ da ara wọn láàmú. Mẹ́ta nínú wọn ti sanwó. Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kún dẹ́múdẹ́mú.