Ọ̀gá Alájá

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ò bá tíì rí i ládùúgbò yín, ilé rẹ̀ ṣì wà lórí pépà ni. Ní Iye-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Iléjeméje, ilé náà ti kúrò lórí pépà: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òpó funfun mẹ́fà níwájú, géètì dúdú tó ga ju ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lọ, àti àkọlé kan lára rẹ̀ tó ní ká ṣọ́ra fún ajá. Onílé fúnra rẹ̀ kì í sí nílé. Kérésìmesì ló ń wá, ó sì tún lè wá bí òkú ńlá bá kú tí kò ṣeé fi fóònù bá wọn kẹ́dùn. Àwọn ajá ló ń gbé ibẹ̀, àwọn àti Màmá rẹ̀ àti mẹ́gáàdì. Ìdí nìyí tí ìlú fi ń pè é ní Ọ̀gá Alájá.

Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ, a mi orí, a bá tiwa lọ. Ọ̀gá Alájá nìkan ni mo mọ̀ tó gbé òwe yẹn fún ayàwòrán-ilé pé kó bá òun kọ́ ọ. Ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀, níbi tí ààrò wà, tí ewúrẹ́ ń sùn, tí wọ́n gbin ewúro sí, ó ní kí katapílà gbá gbogbo rẹ̀ kúrò. Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀ tó ju òun alára lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n gé e, torí kì í jẹ́ kí ilé hàn dáadáa nínú fọ́tò. Wọ́n wá gbin ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́jọ tí wọ́n tò bí ọlọ́pàá tó ń retí gómìnà, tí òjìji gbogbo wọn lápapọ̀ kò tó bo ológbò. Ìgbà yẹn ló tó ra agboòrùn gbàǹgbà láti Èkó, kí àwọn ajá lè rí ibòòji.

Kò lálàá ọgbà ajá yìí o. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, níbi àfihàn òdòdó Chelsea ní London, Monty Don, àgbà tó ń kọ́ àwọn ará Britain ní iṣẹ́ ọgbà lórí BBC, ṣe ọgbà kan fún ajá. Koríko tí ajá lè yíràá nínú rẹ̀ wà, omi tó lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ wà, igi tó ṣíji bo ilẹ̀ wà, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ajá sára bíríkì ojú ọ̀nà, ti ajá Ọba Charles wà lára wọn. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá tí kò lólúwa ní Battersea ni wọ́n fi ọgbà náà jíǹkí nígbà tí àfihàn parí. Ọ̀gá Alájá rí i lórí fóònù. Gbogbo rẹ̀ ló fò kọjá. Ti ọba nìkan ló dúró sí i lọ́kàn. Bí ajá ọba bá ní bíríkì, tòun á ní mábù. Ó sì rí bẹ́ẹ̀: Duke, Bruno, Princess, lẹ́tà oníwúrà, lórí òkúta tó ń dán débi pé ewúrẹ́ tó bá gbabẹ̀ kọjá á dúró wo ara rẹ̀.

Àwọn baba wa náà ń sọ ajá lórúkọ, àmọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń fi rán an. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò lè sọ lójú aládùúgbò, orúkọ ajá ló fi ń sọ ọ́. Ó lè pe tirẹ̀ ní Tanímọ̀la. Nídàájí á bọ́ síta, á máa pariwo Tanímọ̀la, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á sì gbọ́ láti orí ẹní. Duke kò bá ẹnikẹ́ni wí ní Iye. Nǹkan kan ṣoṣo tó ń bí àwọn ẹbí nínú ni pé ibojì bàbá Ọ̀gá, tó wà lẹ́bàá fẹ́ńsì níbẹ̀, kò tíì ní orúkọ kankan lórí. Ọ̀gá ní òun ṣì ń wá irú lẹ́tà tó máa bá ilé mu.

Duke jẹ́ Caucasian. Àwọn darandaran orí òkè Caucasus ló ń sin irú rẹ̀, kó lè máa bá ìkookò jà nínú yìnyín. Èkìtì kò ní yìnyín. Ìkookò tí a sì ní, ojú pósítà ìdìbò ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde, Duke sì ń mí bí oṣù Kejì bá dé, títí Màmá fi rò pé ó fẹ́ kú. Ọ̀gá fi éésì sí ilé ajá. Iná ìjọba kì í dúró, ó ra sólà. Sólà ò gbé éésì lóru, ó ra jẹnẹrétọ̀. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ sì mọ ohun tí gálọ́ọ̀nù kan dà látìgbà náà. Mẹ́gáàdì tó ń bu epo sí i kò ní fáànù. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ilé ajá náà, Màmá yẹ táìlì ara ògiri rẹ̀ wò, ó yẹ éésì wò, ó ní, "Ulé ajá?" Ó padà sí yàrá tirẹ̀ nísàlẹ̀, kò tún sọ nǹkan mìíràn.

Ní ti Duke, kò wọ ilé náà. Bingo, ajá ìbílẹ̀ tó wà nílé kejì, ti gba abẹ́ fẹ́ńsì wọlé, ó ti fi bí wọ́n ṣe ń gbé Èkìtì hàn án. Wọ́n gbẹ́ ihò sídìí kùkùté máńgòrò, wọ́n fi ikùn lé erùpẹ̀ tútù, wọ́n sùn. Éésì ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògiri.

N kò bá a jà pé ó fẹ́ràn ajá. Ajá yẹ ní fífẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ajá ń fẹ́ kò wọ́n: ibòòji, omi, erùpẹ̀ tó lè gbẹ́, àti àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì tó lè máa rìn yípo. Ẹ̀yìnkùlé àtijọ́ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí katapílà tó dé. Ajá ilé wa nígbà yẹn sì níṣẹ́ lọ́wọ́: ó ń bá ọdẹ lọ sígbó, ó ń ṣọ́lé lóru, bí ọmọ ọwọ́ bá sì yàgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á pè é. Princess, Lhasa Apso tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń gbé ilé àwọn ẹlẹ́sìn ní Tibet, mọ iṣẹ́ ìkẹyìn yẹn dáadáa, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun ni Ọ̀gá ń fẹnu kò lẹ́nu ní Kérésìmesì.

Koríko gidi ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn. Ìtọ̀ ajá jó o. Ọ̀gá ní kí wọ́n tẹ́ koríko onírọ́bà, kí wọ́n to íńtálọ́ọ̀kì sí ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí méjèèjì ṣe ń gbóná lọ́sàn-án, kó bọ́ bàtà. Ajá kì í wọ bàtà, nítorí náà láti aago mẹ́wàá títí di ìrọ̀lẹ́ kò sí ẹsẹ̀ ajá kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó mọ́, tó gbóná, tí ajá kò dé! Màmá ti ń wá irú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ. Èlùbọ́ ló kọ́kọ́ sá síbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, kòkó ni.

Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Nínú ìwé tí ẹni tó bá a ṣètò ọgbà kọ fún un, kòkó ló wà lókè pátápátá nínú ohun tí ajá kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn, àlùbọ́sà tẹ̀ lé e. Òótọ́ sì ni: èròjà kan wà nínú kòkó tí ara ajá kì í tètè dà, ó lè pa á. Àwọn òyìnbó tó ń fi èèpo kòkó bo ìdí òdòdó ti gbọ́ ìkìlọ̀ náà títí. Ó ka ìwé náà fún Màmá lórí fóònù.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí, "kòkó ló rán ọ níwèé. Ajá tí kò lè fojú rí kòkó, kí ló wá ṣe ní Èkìtì?"

Lọ́dún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan ré kọjá 10,000 dọ́là ní New York. Màmá ò mọ New York, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí àwọn tó ń ra kòkó ń pè lẹ́nu ọ̀nà. Nínú gbogbo ẹ̀yìnkùlé yẹn, ibi tó sá kòkó sí nìkan ló tíì mú owó wọlé. Wọ́n wá bá ara wọn dọ́gbọ́n sí i: wọ́n fi wáyà yí íńtálọ́ọ̀kì ká, kòkó wà nínú, ajá wà lóde.

Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, kò jìnnà sí wa, gbogbo ayé sì mọ oúnjẹ Ògún. Ọdẹ àgbà kan wá kí Ọ̀gá ní Kérésìmesì. Ó fojú wọn Duke láti imú dé ìrù, ó ní, "Èyí á tó ọdún méjì."

"Rárá, Bàbá," ni Ọ̀gá fi ìgbéraga dáhùn, "ó ti pé mẹ́ta."

Ọjọ́ yẹn náà ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Abuja wá wo ọgbà. Ọ̀gá wọ ṣòkòtò péńpé funfun, ó dúró lórí mábù, ó ń ṣàlàyé pé kọ́ńsẹ́ẹ̀pù ni, ó sì pe Duke ní ohùn tó ti kọ́ lórí fóònù. Duke gbórí sókè. Ó kùn. Irun ọrùn rẹ̀ dìde.

"Ọ̀gá, ẹ má sáré o," ni mẹ́gáàdì wí, "ẹ dúró bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí ajá: "Owóoṣùdà! Owóoṣùdà, máa bọ̀!" Duke ju ìrù, ó sáré lọ bá a, ó fi orí nù ún lẹ́sẹ̀.

Àwọn ará Abuja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n san oṣù mẹ́ta fún mẹ́gáàdì kí ilẹ̀ tó ṣú, àmọ́ ajá ò dáhùn orúkọ mìíràn mọ́.

Ọ̀gá ti padà lọ. A gbọ́ pé odò ìwẹ̀ ló kù tó fẹ́ gbẹ́ síbẹ̀, tàwọn ajá nìkan, kí ooru má bàa pa Duke. Àwọn òṣìṣẹ́ ti wá fi okùn wọn ilẹ̀. Màmá bá wọn débẹ̀, ó gbé àga jókòó, ó béèrè bí yóò ṣe jìn tó, bóyá apẹ̀rẹ̀ gbágùúdá méjì lè rẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.