Olówó Ọ̀la, Onígbèsè Òní

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń jẹ́ olówó àti onígbèsè pọ̀, kó bá àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù jókòó lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Owó ìfẹ̀yìntì á kọ́kọ́ bu tirẹ̀: ó kéré tán, ìdá 8 nínú 100 owó tí òfin kà, ọ̀gá ló sì ń san 3 níbẹ̀. Wọn ò ní fojú kàn án títí wọ́n á fi pé ọdún 55. Láti oṣù kẹrin 2028, ó di 57.

Káàdì tí wọ́n fi ń yáwó ná ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó Peckham, káàdì. Tíkẹ́ẹ̀tì Kérésì lọ sí Èkó, káàdì. Báńkì á wá rọra kọ̀wé pé pọ́n-ùn díẹ̀ péré lẹ gbọ́dọ̀ san lóṣù yìí. Inú rere dà? Èlé ni wọ́n ń sìn bí adìyẹ.

Àwọn kan á ní àwọn ń yọ orúkọ kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì, káwọn lè fi san káàdì. Ìdá 3 ọ̀gá á bá a lọ nìyẹn, ọ̀gá ò sì ní fi kún owó oṣù. Ní tèmi, ẹ san iye tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ gba ti ọ̀gá, ẹ má fi kọ́bọ̀ lé e, kí ìyókù dojú kọ káàdì tí èlé rẹ̀ ga jù.

Àǹtí kan ní òun ti san tòun tán. Mo ní, “Ẹ kú oríire, mà! Báwo lẹ ṣe ṣe é?”

“Káàdì mìíràn ni mo fi san án.”