Ilé Là Ń Wò, Wọ́n Ń Wo Fáìlì

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí bá yẹ ẹnikẹ́ni, ó yẹ ọ́fíìsì ètò ìlú tí ará Ìbàdàn ń pè ní táúnpílánì, nítorí wíwo ilé gan-an ni ìjọba ń torí rẹ̀ san owó oṣù fún un. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé yóò mú àwòrán ilé rẹ̀ wá. Òṣìṣẹ́ yóò lọ wo ilẹ̀ náà, bóyá ilé ọ̀hún yóò dí ọ̀nà, bóyá yóò jókòó sí ojú àgbàrá, bóyá yóò gba atẹ́gùn mọ́ aládùúgbò lọ́wọ́. Yóò fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Yóò sì tún padà lọ nígbà tí wọ́n bá ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, nígbà tí wọ́n bá dé líńtẹ̀lì, àti nígbà tí òrùlé bá fẹ́ gòkè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni bí a ṣe ń mọ̀ pé ọ́fíìsì náà ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa. Ibẹ̀ ni ìsọmọlórúkọ ti máa ń ṣáájú ilé wíwò.

Ìbàdàn àtijọ́ kò dúró de táúnpílánì kankan. Ní nǹkan bí 1829 tí àwọn jagunjagun tẹ̀ ẹ́ dó, olórí ogun kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀, ó kó ìyàwó, ọmọ, ọmọ ogun àti ẹrú jọ sórí rẹ̀, ó di agbo ilé. Ọjà Ìbà, tí ẹnu ti sọ di Ọjà'ba, ń jẹ́ orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé. Ọ̀nà ńlá ń wá síbẹ̀ láti ẹnu odi, ìyókù jẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín ògiri sí ògiri. Kì í ṣe pé kò sí ètò. Àgbàlá wà láàárín agbo ilé, mọ́gàjí, olórí agbo ilé, ló sì ń sọ ibi tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó yóò ti yọ yàrá. Nígbà tí ogun kásẹ̀ nílẹ̀ ni agbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, tó kọ ìwé lórí àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà ní 1968, fi hàn pé inú ara rẹ̀ ni àárín ìgboro Ìbàdàn ti ń dàgbà: ọmọ mẹ́rin pín ọgbà baba wọn, olúkúlùkù kọ́ tirẹ̀ sínú àgbàlá, páànù kan gun orí òmíràn. Títí di òní, ọkọ̀ kò lè dé ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé ní Bẹyẹrúnká àti ẹ̀yìn Bẹẹrẹ. Pípọ̀n ni wọ́n ń pọn aláìsàn jáde sí títì.

Ẹni tí ìjọba kọ́kọ́ rán wọ àwọn agbo ilé yìí ni wolé-wolé. Láyé òyìnbó amúnisìn, wolé-wolé a dé láàárọ̀, a ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi, a yọjú sí ṣáláńgá, a wo ilẹ̀ àgbàlá bóyá ìyá ilé ti gbá a. Bí ó bá rí ẹ̀gbin, ìwé kóòtù ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì gba rìbá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wò hàn sí gbogbo ayé: tanwíjí wà nínú àmù tàbí kò sí. Ó ṣòro láti kọ ìròyìn ọ̀ṣọ́ lórí tanwíjí.

Òfin ètò ìlú tó kárí Nàìjíríà dé ní 1946, àwòkọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìjọba ológun gbé tirẹ̀ jáde ní 1992, Decree 88, tó pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta: àjọ kan fún ìjọba àpapọ̀, ìgbìmọ̀ kan fún ìpínlẹ̀, ọ́fíìsì kan fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ní 2003 Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì dá a pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú. Kí ló wá kù fún káńsù? Ìwé òfin 1999 kọ ọ́ gbangba pé kí káńsù máa sọ títì lórúkọ, kí ó máa kọ nọ́ńbà sára ilé, kí ó sì máa díye lé ilé fún owó tẹ́nímẹ́ǹtì. Òfin fa ìsọmọlórúkọ lé ẹnìkan lọ́wọ́, ó fa ilé wíwò lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì fi ará Ìbàdàn sáàárín àwọn méjèèjì.

Láti 1991 tí wọ́n ti fọ́ káńsù kan ṣoṣo tó ń ṣàkóso ìgboro sí márùn-ún, ti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn ló jókòó sí Gbọ̀ngàn Mápó. Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà ní 1929, orí òkè ló sì wà. Ẹni tó bá dúró ní ìdí àwọn òpó rẹ̀ ńláńlá yóò rí òrùlé Ọjà'ba àti ti Bẹẹrẹ lọ súà, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà. Ó ṣòro kí a tó rí ọ́fíìsì káńsù mìíràn nílẹ̀ Yorùbá tí Ọlọ́run fi ilé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Orí tábìlì ni àwọn òṣìṣẹ́ táúnpílánì wá dojú kọ.

Ohun tó wà lórí tábìlì ni fáìlì, fáìlì náà sì máa ń sanra. Sọ́fè wà nínú rẹ̀, èyí tí sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí fọwọ́ sí. Àwòrán ilé wà níbẹ̀ ní ẹ̀dà bíi mélòó kan pẹ̀lú èdìdì ẹni tó yà á. Àwòrán irin àti kọnkéré, bó bá jẹ́ ilé alájà. Ìwé owó orí. Àti ẹ̀rí pé olùbéèrè ló nilẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń dá àárín ìgboro dúró. Ilẹ̀ àdúgbò elétò bíi Bódìjà ní ríṣíìtì. Ilẹ̀ agbo ilé ní Bẹyẹrúnká ní ìtàn. Ìtàn náà lè jẹ́ òótọ́ láti ayé Balógun Ìbíkúnlé, mọ́gàjí sì lè rò ó láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi pínnì so mọ́ fọ́ọ̀mù. Ọkùnrin tó fẹ́ fi yàrá méjì kún ilé baba rẹ̀ yóò ṣírò owó sọ́fíyọ̀, owó ayàwòrán àti owó ìjọba, yóò ṣírò owó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì, yóò sì ránṣẹ́ pe bíríkìlà.

Nígbà tí ọdún bá parí, ìròyìn á jáde. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ níbikíbi: iye fáìlì tí wọ́n fọwọ́ sí, iye ọjọ́ tó gbà wọ́n, àti iye owó tó wọlé. Ẹ̀kẹta ni ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bí fáìlì mẹ́wàá bá wọlé tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì jáde láàárín oṣù kan, máàkì ọ́fíìsì di 100 nínú 100. Bí ilé 300 bá hù ní agbègbè kan náà láìní fáìlì, wọn kò bu ọ̀kan nínú máàkì yẹn, nítorí kò sí ojú ìlà tí wọ́n ó kọ wọ́n sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọ́fíìsì bá ṣe ń lé olùbéèrè sá tó ni máàkì rẹ̀ ń dára tó. Fọ́ọ̀mù tó wọ́n ń dín fáìlì kù. Fáìlì tó bá kéré ń yára jáde. Ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni kò bá yà sí mọ́ ni ì bá gba ipò kìn-ín-ní.

Àkọsílẹ̀ tó péye jù lọ ní Ìbàdàn àtijọ́ kò sí nínú fáìlì, ara ògiri ló wà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ògiri kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Bẹẹrẹ yóò rí nọ́ńbà ilé ti àtijọ́, lẹ́tà E tàbí N tàbí S níwájú, ìlà wíwọ́ láàárín. Yóò rí nọ́ńbà àwọn oníná. Fọ́tò olùdíje tó ti wọlé tó sì ti jáde. Ìkìlọ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí aráyé ṣọ́ra fún 419. Lórí gbogbo rẹ̀, X ńlá tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti àṣẹ pé kí iṣẹ́ dúró. Ilé ti parí kí ọ̀dà tó gbẹ. Ọmọ ènìyàn kì í ju ọjọ́ kẹjọ lọ kó tó gbórúkọ. Ilé tirẹ̀ máa ń dúró títí páànù yóò fi gòkè kí táúnpílánì tó dé, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń sọ gbogbo wọn. X yìí jẹ́ iṣẹ́ àṣeyọrí nínú ìròyìn ọdún. Kò sí ojú ìlà tó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè wà lórí ògiri fún ọdún púpọ̀, kí ayálégbé bí ọmọ méjì sábẹ́ rẹ̀, kí onílé tún kun ilé kí ó sì yí ọ̀dà po X náà kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó pa àṣẹ ìjọba rẹ́.

Ìgbéraga kò sí fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni òfin ti wá. Yorùbá tó bá fẹ́ sọ àjà ilé rẹ̀ di yàrá ní Peckham mọ̀ pé káńsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fèsì lórí iṣẹ́ kékeré. Iṣẹ́ ńlá ní ọ̀sẹ̀ 13. Aago náà kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwé dé, àfìgbà tí káńsù bá gbà pé ìwé pé. Ní 2003, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fún káńsù tó bá yára ní owó ìwúrí fún ọdún mélòó kan. Kíákíá ni àwọn káńsù kan rí i pé "rárá" kì í gba àkókò tó "bẹ́ẹ̀ ni." Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí ọ̀nà mìíràn: bí gbèdéke bá fẹ́ pé, káńsù á bẹ olùbéèrè kí ó buwọ́ lùwé pé òun gbà kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Bó bá ti buwọ́ lù ú, oṣù mẹ́wàá di "láàárín àkókò" nínú ìwé ìṣirò. Òfin 2013 sì ní bí káńsù bá kùnà, olùkọ́lé lè gbé ìwé rẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba Lọ́ńdọ̀nù. Ìyẹn ló tún mú kí ìbuwọ́lùwé pọ̀ sí i.

Ohun tí fáìlì kò rí, omi máa ń rí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún gba ìgboro, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Lẹ́yìn èyí ni Báǹkì Àgbáyé yá ìpínlẹ̀ ní 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ ìdènà àgbàrá, wọ́n sì ṣe máàpù tuntun fún gbogbo ìlú nínú iṣẹ́ náà. Máàpù dára, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún táúnpílánì pé ẹnìkan da búlọ́ọ̀kù sí bèbè odò Kúdẹtì lánàá. Kì í ṣe omi nìkan: Bódìjà tí wọ́n fi ètò kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ohun tí fáìlì kò rí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, ohun abúgbàù tí ìjọba sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé gbígbé kan bú níbẹ̀, ó wó ọ̀pọ̀ ilé yíká, ẹ̀mí sì lọ sí i. Ìwé àṣẹ ń sọ bí ilé ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n yà á. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 40 àfi kó lọ síbẹ̀.

Àtúnṣe ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a ń kà. Ìṣirò àkọ́kọ́ ni ti ilé tuntun tó hù láàárín ọdún kan, yálà ó ní fáìlì tàbí kò ní, nítorí láìsí i, ìyókù kò ní ìtumọ̀. Fọ́tò láti òfuurufú lè ràn án lọ́wọ́, ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ sì lè ṣe é ní àdúgbò kan lẹ́yìn òmíràn. Ìkejì ni iye ìgbà tí olùbéèrè kan wá kí ó tó gba èsì, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ọ́fíìsì. Ẹ̀kẹta ni iye ilé tí wọ́n fọwọ́ sí tí òṣìṣẹ́ dé ìdí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kí kọnkéré tó bò ó. Lẹ́yìn náà ni ti X: iye tó yọrí sí àtúnṣe, iye tó dé kóòtù, iye tó kàn wà níbẹ̀.

Ti ilẹ̀ ẹbí yàtọ̀, nítorí kò sí fọ́ọ̀mù tó lè sọ ìtàn di ríṣíìtì. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ọ́fíìsì gba ẹ̀rí mọ́gàjí àti àwọn àgbà agbo ilé tí aládùúgbò méjèèjì jẹ́rìí sí, kí ó sì gba àwòrán kékeré tó mọ níwọ̀n fún yàrá méjì, ní owó tí ọlọ́jà kékeré ní Ọjà'ba lè san. Ìlú náà kò ṣàìmọ irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ran iṣẹ́ Sustainable Ibadan Project lọ́wọ́, àwọn ará Òkè-Ọ̀fà Babásàlẹ̀ fúnra wọn dá owó, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n sì tún ìsun omi àdúgbò wọn ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ló lè mú kí agbo ilé kan ní Bẹyẹrúnká gbà láti fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sílẹ̀ láàárín ilé kan sí òmíràn kí wọ́n tó da ìpìlẹ̀, kí ọ́fíìsì kọ ọ́ sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ sì mú tépù lọ wọ̀n ọ́n.